Ẹni Tó Bá Jẹun Nínú Abọ́ Mi

Àwọn àlejò máa ń wá láti Pọ́tù Sùdáánì báyìí. Wọ́n á gbé dígí sójú, wọ́n á rì sínú omi, wọ́n á yọrí, wọ́n á ní, "Ìyá, iyùn inú omi yín mà lẹ́wà o!" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé a dúpẹ́. Kí ni kí n sọ? Ṣé kí n máa ro ẹjọ́ fún ẹni tó ń mu kọfí mi lọ́wọ́ ni? Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kẹ́yìn sí mi, mo máa ń tutọ́ sílẹ̀. Iyùn yẹn ló gba ọkọ lọ́wọ́ mi.

Ohaj ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tó jẹ́ ọkọ mi, n kò gbọdọ̀ pè é bẹ́ẹ̀, nítorí obìnrin ẹ̀yà Beja wa kì í pe orúkọ ọkọ rẹ̀. Bàbá Nimat ni mò ń pè é, torí Nimat, ọmọ wa kan ṣoṣo, tó wà nílé ọkọ ní Suakin. Ní báyìí, bó ṣe wù mí ni mo lè pè é. Ohaj. Ohaj. Ta ló máa mú mi?

Ooru ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, omi etíkun Marsa Dirrab, abúlé wa, gbóná bí omi ìwẹ̀ abiyamọ. Àpáta iyùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà omi wa, tí àwọn bàbá wa fi jẹun títí wọ́n fi kú, funfun kalẹ̀ bí egungun. Kò pẹ́ tí ewé omi tó ń yọ̀ fi bò ó, ẹja sì kó ẹrù wọn lọ. Najil, ẹja pupa tó ní àmì búlúù tótòtó lára, tí àwọn ilé oúnjẹ ìlú ńlá ń du mọ́ wa lọ́wọ́, a wá a tì. Àwọn ọkùnrin wa kò sì jẹ́ kí omi sinmi. Bí ẹja ṣe ń dín kù ni wọ́n ń ju àwọ̀n sí i, tí ìdákọ̀ró wọn ń fọ́ ìwọ̀nba iyùn tó kù.

Ohaj ló rí i pé lára ẹ̀ka iyùn tí ìdákọ̀ró fọ́ sílẹ̀, àwọn kan ṣì wà láàyè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n. Ó ń tú okùn àwọ̀n àtijọ́, ó ń fi so àwọn ẹ̀ka yẹn mọ́ ara òkúta tó ti kú. Ni àwọn èèyàn bá sọ ọ́ di eré.

"Ohaj ń gbin òkúta sínú òkun! Ohaj, má gbàgbé láti bomi rin ín o!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mo ká aṣọ mi sókè, mo bá a wọnú omi, nítorí ó ń so okùn bí ẹni tí kò ní ìka. Òun á di ẹ̀ka mú, èmi á so ó.

"Rọra, Ìyá Nimat. Ẹ̀mí wà nínú rẹ̀."

"Ẹ̀mí wà nínú èmi náà, Bàbá Nimat. Omi ti dé mi nídodo."

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jẹ́ kí ẹ̀ka bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Báyìí la ṣe ń ṣe é nígbà tí omi bá fà. Iyùn a máa jó èèyàn lọ́wọ́. Ọwọ́ mi wú, ó bó, ó sì jinná. Nígbà tí ọdún yípo, mo bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀ka kan tí mo so fúnra mi, lẹ́bàá ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọlé. Ó ti dàgbà bo okùn náà mọ́lẹ̀. N kò mọ ohun tó mú mi ké. Mo ké bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ hu eyín.

Ṣùgbọ́n kí ni èrè kí a máa so ó lówùúrọ̀, kí àwọ̀n àwọn apẹja bíi Bamkar máa fà á ya nírọ̀lẹ́? Ohaj gbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú àwọn àgbà. Ó ní ṣebí àwa náà la máa ń ti pápá ìjẹko nígbà ọ̀dá, tí ràkúnmí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án títí koríko á fi hù. Kí a ti omi bẹ́ẹ̀, fún ọdún márùn-ún. Kí a máa lọ pẹja lójú òkun gbangba títí iyùn á fi padà.

Abẹ́ igi kasíà lẹ́bàá ilé ìrun ni wọ́n jókòó sí. Àwa obìnrin wà lẹ́yìn ẹní tí wọ́n ta fi bò wá, à ń yan kọfí. Bamkar dìde. Ọkọ̀ mẹ́ta ló ní, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ tó ń fi là ẹja.

"Ohaj, ọ̀rọ̀ rẹ dùn létí. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn àbúrò rẹ ló ní àwọ̀n? Àwa á ti omi, ìwọ á jókòó sétíkun bí ọdẹ, àwọn ará ilé rẹ á máa gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹ̀yin èèyàn, ṣé ológbò la fẹ́ fi ṣọ́ ẹja yíyan ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo yọjú láti etí ẹní. Ohaj ti dìde, iṣan ọrùn rẹ̀ sì ti le. Ọkàn mi já, nítorí mo mọ ọkùnrin yẹn. Kì í bínú, ṣùgbọ́n bó bá bínú, kò sí ohun tí kò lè fi tọrẹ.

Ó ní, "Ó dáa. Kí ọdún márùn-ún tó pé, ẹnikẹ́ni tó bá jẹun nínú abọ́ mi, tó bá mú ẹja kan ṣoṣo nínú omi yẹn, mo kọ ìyàwó mi sílẹ̀. Mo kọ̀ ọ́. Mo kọ̀ ọ́."

Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ẹ mọ ohun tí kíkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta jẹ́: kò ní àtúnṣe, àfi tí obìnrin náà bá kọ́kọ́ lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Kọfí tí mò ń yan jóná. Wọ́n ti omi náà lọ́jọ́ yẹn.

Mo kọ́kọ́ jẹ́ kó jẹun tán nílé. Mo wá ní, "Bàbá Nimat, ẹ ní ràkúnmí."

"Mo ní."

"Kí ló wá dé tí ẹ kò fi ràkúnmí búra?"

"Ràkúnmí mi ti darúgbó. Ta ló máa gbà mí gbọ́?"

"Èmi ńkọ́? Èmi ò tíì darúgbó?"

Ó wò mí pẹ̀lú ẹ̀rín lójú. Ó ní, "Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ìwọ ni mi ò lè pàdánù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dákẹ́."

Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí, ó sì ṣe mí bíi kí n rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀, tó ń gbé pẹ̀lú wa, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, mi orí níbi tó jókòó sí. "Bí bàbá rẹ̀ ti rí nìyẹn. Òun náà fi mí búra nítorí kànga kan. Mo dúpẹ́ pé kànga yẹn kò gbẹ."

Bí mo ṣe di ọlọ́pàá nìyẹn. Àwọn àbúrò Ohaj fúnra wọn kò jẹun nílé wa mọ́. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á kí wa, wọ́n á lọ, torí ẹ̀rù abọ́ náà ń bà wọ́n. Ẹni tó bá sì jẹun níbẹ̀, mo máa ń fojú tẹ̀lé e títí di ilé rẹ̀. Ẹja tí a ń jẹ, láti òkun jíjìn ló ti ń wá, kì í sì í pọ̀. Bí mo bá sè é, orí rẹ̀ ni ti Ohaj. Á máa fa egungun orí ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan títí abọ́ á fi mọ́ féfé, ìyá rẹ̀ á máa gbọ́ bó ṣe ń fà á, á máa rẹ́rìn-ín. Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé òkèlè ọkà bàbà àti wàrà ewúrẹ́ nìkan la rí jẹ.

Àwọn obìnrin ń fi mí ṣẹ̀sín níbi kànga. "Ìyàwó Iyùn! Ṣé ọkọ rẹ sùn sílé lánàá, àbí ọ̀dọ̀ ìyàwó kékeré nínú omi ló sùn?"

Mo máa ń dá wọn lóhùn pé, "Ìyàwó kékeré yẹn kì í ṣòfófó. Ó sàn jù yín lọ."

Ṣùgbọ́n inú mi ń dùn díẹ̀díẹ̀, n kò ní purọ́. Ní ọdún kẹta, Ohaj fi ọkọ̀ kékeré gbé mí lọ sórí àpáta, ó ní kí n bẹjú wo inú omi. Ẹja wẹ́wẹ́ pọ̀ níbẹ̀ bí eṣinṣin. Lábẹ́ ẹ̀ka kan ni najil kan ti yọ orí, pupa fòò, kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ohaj fi èjìká rẹ̀ kan tèmi.

Ìgbà òtútù ọdún yẹn ni atẹ́gùn àríwá dé bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ibi. Ọkọ̀ onígi kan láti Yemen, òdìkejì òkun, ń fì lójú omi, ìgbòkun rẹ̀ ti ya. Òfin àwọn bàbá wa ni pé ọkọ̀ tó bá ń sá fún atẹ́gùn, a gbọ́dọ̀ fi ọ̀nà hàn án láàárín iyùn, kó wọlé sínú omi tó pa rọ́rọ́. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ di àlejò. Títí ọjọ́ mẹ́ta á fi kọjá, a kì í bi wọ́n pé kí ni wọ́n wá ṣe, a kì í sì í sọ "má ṣe" fún wọn. Ẹni tó bá sọ "má ṣe" fún àlejò lábẹ́ òrùlé rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ á máa gbọ́ ọ títí wọ́n á fi darúgbó.

Ohaj ló wa ọkọ̀ kékeré rẹ̀ lọ pàdé wọn nínú ìjì yẹn. Òun ló mọ ọ̀nà jù. Ó mú wọn wọlé láì jẹ́ kí igi ọkọ̀ wọn kan ẹ̀ka kan ṣoṣo, ó sì kó wọn wá sílé wa. Ọkùnrin mẹ́fà ni wọ́n, iyọ̀ ti gbẹ mọ́ wọn nípéǹpéjú, apá ọ̀kan ti kán. Jubran ni ọ̀gá wọn ń jẹ́, ọmọlúàbí ni, ó ń pè mí ní ìyá pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo bu òkèlè sínú abọ́ Ohaj, gbogbo wọn tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń wọ abọ́ yẹn ni mò ń kà á.

Mo pe ọkọ mi sẹ́yìn ilé. "Bàbá Nimat, ẹ sọ fún wọn."

"Kí n sọ kí ni?"

"Pé omi yẹn wà ní títì!"

"Kí n sọ fún ẹni tí Ọlọ́run ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ́nu ikú pé má ṣe báyìí, má ṣe bẹ́ẹ̀? Nínú ilé mi? Kí ni wọ́n máa lọ sọ nípa wa ní Yemen?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tó bá wù wọ́n ní Yemen! Èmi kì í gbé Yemen!"

"Ìyá Nimat, sọ ohùn rẹ kalẹ̀. Òkun ti gba àwọ̀n wọn. Ó ti rẹ̀ wọ́n, ńṣe ni wọ́n ń sùn. Kí ni wọ́n fẹ́ fi pẹja?"

Mo ní ojú mi á ṣọ́ wọn. Ojú mi sì ṣọ́ wọn, ó ṣọ́ wọn débi pé oorun kò kùn mí. Ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́fà ń mu omi. Ní ọjọ́ kẹta, atẹ́gùn rọlẹ̀, àgbá omi wa sì gbẹ kanlẹ̀. Ohaj ti mú ẹni tí apá rẹ̀ kán lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun lápá òkè. Mo di àgbá mọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, mo sáré lọ sí kànga. N kò yà síbì kankan. N kò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo padà, najil kan wà lórí ẹní mi. Ó gùn tó apá mi, ó pupa yòò. Jubran jókòó tì í, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tó gba ipò kìíní.

"Ìyá, ojú ń tì wá. Ilé apẹja, láti ọjọ́ tí a ti dé, kò sí ẹja nínú abọ́. A mọ̀ pé atẹ́gùn ló fà á. Mo ní ìwọ̀ kan nínú àpò mi, mo wá ní kí n lọ dán an wò létí àpáta yẹn. Ẹ wo nǹkan! Ìbùkún wà nínú omi yín o."

Mo fọwọ́ kan ẹja náà. Mo rò pé bó bá ṣì ń mí, mo lè sáré gbé e padà sómi. Ó ti kú. Ara rẹ̀ ti ń le.

Mo ní, "Ẹ ṣé o, ọmọ mi. Ẹ ṣeun gan-an ni." Kí ni kí n sọ? Àlejò ni.

Mo gbé e sínú ọpọ́n, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo kúnlẹ̀, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì gbẹ́ iyanrìn. Mò ń gbẹ́, mò ń sunkún, mò ń bú Jubran, mò ń bú ìyá tó bí i. Ibẹ̀ ni Ohaj bá mi. Ó dúró. Ó wo ẹja, ó wo èmi.

"Ta ló mú un?"

"Kò sí ẹni tó rí i," mo ní. "Bàbá Nimat, ẹ gbọ́ mi. Kò sí ẹni tó rí i. Ẹ jẹ́ kí n bò ó."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ pa ara ẹja náà, rọra, láti orí dé ìrù. Ó gbé e sínú ihò. Ó bá mi wa iyanrìn bò ó. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ ti di ojú arúgbó.

Ó ní, "Àwọn àlejò ò gbọdọ̀ mọ̀. Ká kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n lọ ní àlàáfíà."

Títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ yẹn la ń se kọfí fún wọn. Jubran bi mí pé, "Ìyá, ẹja wa ńkọ́?" Mo ní mo ti fi iyọ̀ pa á mọ́, pé bí a ṣe máa ń ṣe tiwa nìyẹn. Ohaj ń bu kọfí fún wọn ní ife kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n lọ láàárọ̀. Gbogbo Marsa Dirrab jáde sétíkun láti sìn wọ́n, àwọn obìnrin lápá kan. Jubran gbé ọwọ́ sókè lórí ọkọ̀, ó pariwo pé, "Kí Ọlọ́run san yín lẹ́san! Gbogbo ohun tí ẹ ṣe fún wa yìí, ẹja kan ṣoṣo la rí fún yín. Ẹ má bínú!"

Bamkar ní, "Ẹja wo?"

"Najil pupa kan! Ẹ̀gbẹ́ àpáta ibẹ̀ yẹn!" Ó sì nawọ́ sí i, pẹ̀lú ẹ̀rín.

Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan fún Jubran. Títí di òní olónìí, kò mọ ohun tó ṣe. Ohaj wọ inú omi dé orúnkún, ó ti ọkọ̀ wọn síwájú, ó ní kí atẹ́gùn ire gbé wọn délé.

Ìpàdé di ẹ̀yìn ìrun àṣárì. Kí àkókò tó tó, mo gba ẹ̀yìn ilé Bamkar kọjá. Ìyàwó rẹ̀ ti yọ àwọ̀n síta, àwọn tó ti wà nínú àpò láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó ń sá wọn sóòrùn. Ó rí mi, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Èmi ni mo ní kí wọ́n fún mi ní kọfí yan lọ́jọ́ yẹn. Mo fẹ́ gbọ́. Àlùfáà Onur, tó ń ṣe lémọ́mù wa, èèyàn rere ni, ó fẹ́ràn wa. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ohaj, ọmọ mi. Ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó búra ni ìbúra ń tẹ̀ lé. Nígbà tí o ní ẹni tó bá jẹun nínú abọ́ rẹ, ṣebí àwọn ẹbí rẹ lo ní lọ́kàn? O kò ro ti àlejò. Gbé ọwọ́ lé Kùránì, búra pé bẹ́ẹ̀ ni, fún àwọn tálákà lóúnjẹ, kí o sì lọ sílé lọ bá ìyàwó rẹ."

Mo ní Alihamudulilahi nínú mi.

Bamkar gba ọ̀rọ̀ sọ. Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. "Àlùfáà sọ òótọ́. Búra, Ohaj, arákùnrin mi. Kò sí ẹni tó fẹ́ tú ilé rẹ. Ṣé òfin ti wá yé gbogbo wa báyìí? Omi wà ní títì fún ẹbí, kò tì fún àlejò. Ó mà dára o. Àwọn àna mi ń bọ̀ lọ́la, wọ́n pọ̀ díẹ̀. Apẹja ni gbogbo wọn."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ò rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ronú àwọn àna tiwọn. Mo rí Ohaj láti ihò ẹní. Ó ń wo ilẹ̀. Wọ́n ti gbé Kùránì síwájú rẹ̀. Ó pẹ́, ó pẹ́ jù, kò na ọwọ́.

Ẹ gbọ́, n kò ní ṣe bí ẹni mímọ́ fún yín. Mo fẹ́ kó búra. Bó bá jẹ́ irọ́, kó pa irọ́ náà. Kí àna Bamkar jẹ òkun gbẹ, kò kàn mí. Mo ti ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo jáde sáàárín àwọn ọkùnrin, ohun tí obìnrin kan ò ṣe rí ní Marsa Dirrab.

"Ohaj!" mo ní. "Búra!"

Ìgbà àkọ́kọ́ tí orúkọ rẹ̀ jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Ó gbójú sókè, ó wò mí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ níwájú gbogbo wọn.

Ó ní, "Ẹnikẹ́ni ni mo sọ, Sittana. Ẹnikẹ́ni náà ló sì wà lọ́kàn mi." Ó yíjú sí Bamkar. "Ká àwọ̀n rẹ wọlé. Omi ṣì wà ní títì."

Bamkar kò lè wo ojú rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ìyàwó rẹ̀ ti ká gbogbo àwọ̀n náà kúrò. Ta ló máa ju àwọ̀n sínú omi tí èèyàn fi ìyàwó rẹ̀ rà?

Ní ọ̀dọ̀ wa, obìnrin ló nilé. Ọkùnrin ló ń jáde bí wọ́n bá kọ ara wọn sílẹ̀. Ohaj ká ẹní rẹ̀, ó mú idà rẹ̀ àti aṣọ ìbora kan, ó lọ. Abọ́ rẹ̀ kò bá a lọ, torí mo ti gbé e pa mọ́ sábẹ́ aṣọ mi. Àwọn àbúrò rẹ̀ wá mú ìyá rẹ̀, ó kọ̀. Ó ní, "Sittana ni wọ́n kọ̀ sílẹ̀, wọn ò kọ èmi. Ibo ni mò ń lọ?"

Ohaj fi pátákó tí òkun gbá sílẹ̀ kọ́ àtíbàbà kan, ó kọjú sí àpáta. Bó bá ń bọ̀ lọ́nà, mo máa ń fi aṣọ bojú bí mo ṣe máa ń ṣe fún àjèjì. Mo ń se oúnjẹ, ìyá rẹ̀ ń bá mi gbé e fún un. Ẹ̀gbọ́n mi Adarob ní òun ti rí ọkùnrin kan tó máa fẹ́ mi fún ọ̀sẹ̀ kan, tó máa tún kọ̀ mí, kí n lè padà di ìyàwó Ohaj. Mo ní ẹni tí kò gba ọgbọ́n Àlùfáà Onur, ṣé ọgbọ́n tiyín ni yóò gbà?

Ìgbà òtútù kẹ́yìn kí ọdún márùn-ún tó pé, ikọ́ mú un nínú àtíbàbà yẹn. Atẹ́gùn àríwá ń wọlé sí i láti gbogbo ihò. Mo lọ síbẹ̀. N kò lè wọlé, n kì í ṣe nǹkan kan fún un mọ́. Mo dúró síta, mò ń gbọ́ ikọ́ náà.

Mo ní, "Bàbá Nimat."

Ikọ́ dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀ka tí o so lẹ́bàá ọ̀nà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkè omi."

Mo ní, "N kò bi yín ní ọ̀rọ̀ iyùn."

Mo yí padà, mo lọ sílé. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un kẹ́yìn nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó ti kú.

Wọn kò jẹ́ kí n ṣe opó. Opó wo? Nimat wá láti Suakin, àwọn obìnrin ń bá a kẹ́dùn, wọ́n ń bá ìyá Ohaj kẹ́dùn. Èmi ń gbé omi fún àwọn tó wá kí wọn. Ẹnìkan kí mi pé, "Ẹ kú aájò, aládùúgbò."

Wọ́n ṣí omi náà lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀. Ẹja wà níbẹ̀ o. Mo gbọ́ ariwo àwọn ọkùnrin láti ilé mi. Ilé kọ̀ọ̀kan ló gba ìpín, àṣà ni, èmi náà gba tèmi bí gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni Bamkar fúnra rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà mi, ó gbé najil kan dání, ẹja àkọ́kọ́ tó jáde.

Ó ní, "Ti Ohaj ni. A ò mọ ẹni tí a máa gbé e fún."

N kò bú u. Mo ti ní èébú nílẹ̀ fún un láti ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ló fi nà án sí mi. Mo gba ẹja náà. Mo ha ìpẹ́ rẹ̀, mo sè é, mo sì bu ún fún ìyá Ohaj. Ó jẹ ẹ́, ó ń lá ọwọ́ rẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ kì í dúró sójú kan mọ́ lásìkò yẹn, nígbà mìíràn á mọ̀, nígbà mìíràn á gbàgbé.

Ó ní, "Sittana, ẹja yìí dùn. Má jẹ orí rẹ̀ o. Fi sílẹ̀ de Ohaj."

Mo ní, "Ó dáa, Ìyá."

Mo yọ abọ́ Ohaj jáde níbi tí mo gbé e pa mọ́ sí. Mo nù ún. Mo gbé orí ẹja náà sínú rẹ̀, mo fi àwo bò ó kí eṣinṣin má bà lé e, mo sì gbé e síbi tó máa ń jókòó sí.